Wọn Ò Gbé Mi Gẹ̀gẹ̀

Caleb àbúrò mi,

Gbọ́ ohun tó bàjẹ́. Bí o ṣe mọ̀, n kò lúwẹ̀ẹ́ la adágún ńlá ìlú òyìnbó níbí já, n kò tilẹ̀ dé àárín rẹ̀. Màmá ti kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì pé mo là á já. Ìwọ mọ òótọ́ láti ọjọ́ Ajé tí mo sọ fún ọ, o sì dákẹ́.

“Wọ́n gbé mi jáde nínú omi” ni mo kọ ránṣẹ́ sí Màmá. Màmá rò pé ńṣe ni wọ́n gbé mi gẹ̀gẹ̀ bí ẹni tó borí. Tẹ̀rín-tẹ̀rín ni Màmá pè mí lórí fóònù: “Jùmọ̀kẹ́ mi, ọmọ Ṣakí ti di ẹja lọ́dọ̀ òyìnbó.” Ojú tì mí. “Ẹ ṣeun, mà” ni mo sọ.

Ní púùlù tí mo ti ń lúwẹ̀ẹ́ kí ara mi lè le, èèyàn lè di ògiri mú. Adágún kò ní ògiri. Má ṣèyọnu ṣá: bẹ́ẹ̀dì mi ní ilé ìwòsàn wà lẹ́bàá fèrèsé, àwọn nọ́ọ̀sì sì mọ àwàdà ṣe.

Àwọn ará wa ní Ogbooro ń kó iṣu bọ̀ fún ìdúpẹ́ tí Màmá fẹ́ ṣe fún mi lọ́jọ́ Àìkú. Bá mi kí wọn. Má sọ ti bẹ́ẹ̀dì fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n sọ ti adágún fún Màmá kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì.

Jùmọ̀kẹ́