Orúkọ Tí Mo Fi Bíléèdì Fá Kúrò

Mo fi bíléèdì fá orúkọ ọmọbìnrin kan kúrò lára iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, mo sì kọ tèmi síbẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn náà ló ń kọ́ mi níṣẹ́ báyìí, kò sì mọ̀ pé èmi ni òun ń kọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, ẹ bá mi dá sí i, nítorí kí ọjọ́ Jímọ̀ tó pé, mo gbọ́dọ̀ ti mọ ohun tí mo máa ṣe. Ẹ má bi mí lórúkọ. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni mí, Àgbádárìgì ni mò ń gbé, lápá Ajara, iṣẹ́ ayàwòrán-ilé ni mo sì kọ́ ní yunifásítì, láyé ìgbà tí yunifásítì ṣì jẹ́ yunifásítì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí nígbà náà, kí ẹ lè mọ ẹni tí mo jẹ́ kí n tó di ẹni tí mo dà. A ò ju mọ́kànlá lọ nínú kíláàsì. Pákó ìyàwòrán kálukú wà níwájú rẹ̀, a ó fi ọ̀bẹ gbẹ́ pẹ́ńsùlù títí ẹnu rẹ̀ á fi rí bí abẹ́rẹ́. Tí o bá gbé T-square, rúlà gígùn tí a fi ń fa ìlà, sábẹ́ apá rìn kọjá, àwọn èèyàn á yà fún ọ lọ́nà... Orí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a ń pè ní tracing la ti ń fi tàdáwà fa ìlà, bébà tí èèyàn lè rí ìka ọwọ́ ara rẹ̀ láti òdì kejì. Tí ìlà bá ṣì, rọ́bà kò lè pa á rẹ́, bíléèdì la ó fi rọra fá a, díẹ̀díẹ̀, kí bébà má bàa ya. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣe tó mi. Olùkọ́ wa máa ń gbé iṣẹ́ mi sókè kí àwọn yòókù wá wò ó pé kò sí ojú àpá. Ẹ̀bùn tí Ọlọ́run fún mi nìyẹn, ẹ wá wo ohun tí mo fi ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n pe ọmọbìnrin náà ní Sènami, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Ọmọ Ègùn láti Kankon ni, ó parí póli, ó wá sí ọ́fíìsì mi pé òun fẹ́ ṣiṣẹ́ lábẹ́ mi. Dàágbó ló ń pè mí, bí àwọn Ègùn ṣe ń pe àgbàlagbà. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ojú rẹ̀ mú. Ó ra láptọ́ọ̀pù àlòkù kan láti apá Sẹ̀mẹ̀, ó ń dá kọ́ software tí wọ́n fi ń ya ilé, ó ní Dàágbó, ẹ wá wò ó, ẹ lè rìn wọnú ilé náà kí wọ́n tó kọ́ ọ. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kó gbé tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ kúrò lórí tábìlì mi, iṣẹ́ la wá ṣe. Gbogbo ọ́fíìsì ló bá mi rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì pa á dé. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé ẹ̀rù ló ń bà mí.

Àwọn ará Gberefu wá bá wa pé àwọn fẹ́ kọ́ ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Gberefu, ẹ mọ̀ pé orí yanrìn láàárín ọ̀sà àti òkun ló wà, obìnrin tí ìrọbí bá mú níbẹ̀ ní láti wọ ọkọ̀ sọdá ọ̀sà kó tó rí nọ́ọ̀sì. Sènami ló ń lọ tó ń bọ̀. Òun ló wọn ilẹ̀, òun ló jókòó ti àwọn ìyá tó bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ, òun ló ya gbogbo rẹ̀, àti nítorí pé mo ní mi ò fẹ́ rí kọ̀ǹpútà, ó tún fi ọwọ́ yà á sórí tracing. Ohun kan ṣoṣo tí mo dá sí níbẹ̀ ni pé kó má kọjú ilé sí òkun, pé iyọ̀ inú atẹ́gùn á ti jẹ hínjì ilẹ̀kùn tán kí ọdún méjì tó pé. Ohun kan ṣoṣo o. Nísàlẹ̀ bébà, nínú àpótí kékeré tí ayàwòrán ń kọ orúkọ sí, ó kọ orúkọ rẹ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti gbé iṣẹ́ gidi wá bá mi, mo wá ń rò ó pé ṣé ọmọ àná, ọmọ póli, ni orúkọ rẹ̀ máa wà lára ògiri, tí èmi tí mo lọ yunifásítì á dúró máa wò... Ó jáde lọ jẹun ọ̀sán. Mo mú bíléèdì.

Kò sí ojú àpá, mo rò bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí a gbé e lọ fún àwọn àgbà Gberefu, èmi ni mo ń ṣàlàyé, wọ́n ń yìn mí, ni Sènami bá mú bébà náà, ó gbé e sójú fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ là á kọjá níbi tí mo fá. Ibẹ̀ ti fẹ́lẹ́ ju ibi tó kù lọ, orúkọ mi sì jókòó lé e lórí. Ó wò ó, ó wò mí, ó ní Dàágbó, ẹ kú iṣẹ́ o. Kò padà sí ọ́fíìsì mi mọ́. Wọ́n kọ́ ilé náà. Wọ́n fi sìmẹ́ńtì kọ orúkọ mi sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó wà níbẹ̀ títí dòní.

Nígbà tó yá, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń fọwọ́ sí àwòrán ilé ò gba bébà lọ́wọ́ wa mọ́. Fáìlì ni wọ́n ń fẹ́. Mo gbé àwòrán lọ, akọ̀wé ní Bàbá, a ò ní ibi tí a máa tò ó sí. Mo wá ibi tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn ní software náà títí dé apá Òjó, ẹni tó ń gba orúkọ sílẹ̀ ní Daddy, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín fúnra rẹ̀ wọlé wá. Mo ní èmi ni ọmọ náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, bí mo ṣe rẹ́rìn-ín sí Sènami gẹ́lẹ́. Mo wọlé bẹ́ẹ̀, àmọ́ kí n tó rí ibi tí mouse mi wà lójú kọ̀ǹpútà, olùkọ́ ti ya ilé alájà méjì tán. Mo ra ìwé, ìwé ti gbó ju software lọ, kò sí bọ́tìnnì kan tó wà níbi tí ìwé ní ó wà. Mo wo fídíò àwọn òyìnbó, wọ́n ń sáré bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo wá bọ́ sórí kíláàsì ọ̀fẹ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, obìnrin ló ń kọ́ni, Yorùbá ló fi ń ṣàlàyé, Ègùn á yọjú níbi tó bá ti dùn mọ́ ọn, á sọ ohun tó fẹ́ tẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń fa ògiri. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo ti dá ohùn náà mọ̀.

Kí ni ẹ̀yin ìbá ṣe? Mo pa fídíò náà. Mo wá òmíràn kiri odindi ọ̀sẹ̀ kan, kò sí èyí tó yé mi bíi tirẹ̀. Mo bá forúkọ sílẹ̀ pé Túndé ni mí, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n... Oṣù mẹ́jọ rèé. Ó ń fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, àbúrò mi Túndé, ògiri rẹ kò pàdé ní igun, má bínú, tún un ṣe. Mà á tún un ṣe, mà á sì tẹ èsì ránṣẹ́ kó má bàa gbọ́ ohùn mi. Ìyàwó mi gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan, ó fa ojú ro, ó ní obìnrin wo ló ń sọ arúgbó di àbúrò nínú ilé òun. Nígbà tó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, ó dá ohùn náà mọ̀, torí òun ló máa ń bu oúnjẹ fún Sènami láyé ọjọ́un. Ló bá rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́, ó ní Bàbá àwọn ọmọ mi, Ọlọ́run mọ kíláàsì tó yẹ kó fi yín sí.

Kò sí ọjọ́ tí inú kì í bí mi. Ṣé òun ni mò ń bínú sí ni? Àbí ara mi? Bọ́tìnnì kan wà tí wọ́n ń pè ní undo, tẹ̀ ẹ́, ìlà tó ṣì á lọ bí ẹni pé kò wáyé rí. Ohun tí mo fi ogójì ọdún mọ̀ ọ́n ṣe ti di títẹ ìka kan. Nínú ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ pàá ni Sènami ti sọ fún gbogbo wa pé kí ẹnikẹ́ni tó fa ìlà kan, kó kọ́kọ́ tẹ orúkọ rẹ̀ sínú àpótí ìsàlẹ̀. Kò sọ ìdí. Èmi nìkan ni mo mọ ìdí.

Ohun tó wá gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín nìyí. Ó ní kí gbogbo wa ya ilé táwọn nọ́ọ̀sì máa gbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbẹ̀bí Gberefu yẹn náà, pé èyí tó bá dáa jù ni wọ́n máa kọ́. Àwọn yòókù kọjú ilé wọn sí òkun nítorí ẹwà. Tèmi kọjú sí ọ̀sà. Ó yan tèmi. Ó fi ohùn ránṣẹ́ pé Túndé, ta ló kọ́ ẹ nírú ọgbọ́n yìí? Pé ọ̀gá òun kan ló kọ́ òun bẹ́ẹ̀ nígbà kan, pé ohun tó fi òun ṣe kò dáa, àmọ́ òun ò lè purọ́ pé òun fúnra òun ló mọ̀ ọ́n. Mo tẹ́tí sí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán tí mo fún un, kò lè sọ ọ́ di tirẹ̀... èmi ńkọ́? Mo fèsì pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rí i.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni fáìlì gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ rẹ̀. Láàárọ̀ Sátidé, ó ní kí Túndé pàdé òun létí ọ̀sà, kí a jọ sọdá lọ bá àwọn àgbà. Bí mo bá lọ, abẹ́ orúkọ mi tó wà lára ògiri yẹn ni mà á ti dúró wojú rẹ̀. Bí mi ò bá lọ, wọ́n á fi orúkọ ẹni tí kò sí láyé kọ́ ilé. Bí mo bá jẹ́wọ́, ó lè ju àwòrán náà nù, mi ò sì lè dá a lẹ́bi. Ìyàwó mi ní kí n lọ, kí n sì mú òòlù dání, pé sìmẹ́ńtì kò gbọ́ ti bíléèdì. Ó rọrùn fún un láti sọ. Torí ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù ni pé ilé àwọn nọ́ọ̀sì yìí, èmi ni mo yà á ní tòótọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ya ohun tó dáa tó bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kó jẹ́ tèmi, ẹ dárí jì mí, mo ṣì fẹ́ ẹ... Ṣé ó ṣì tọ́ sí mi?

Mo ti pa Túndé rẹ́ nínú àpótí ìsàlẹ̀ yẹn láàárọ̀ yìí. Ó ṣófo báyìí, ìlà kékeré kan ń ṣẹ́jú nínú rẹ̀, ó ń dúró dè mí. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ dá mi lóhùn. Orúkọ ta ni kí n tẹ̀ síbẹ̀?