Wáyà Gìtá Clive

Ojúlé 14, Òpópónà Elmbank,
Birkenhead,
England.
Ọjọ́ kẹsàn-án, Oṣù Kọkànlá, 2023.

Thelma, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Orúnkún ńkọ́? Ron àtàwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé oòrùn Perth ò tíì yan yín bí àgbàdo? A dúpẹ́ níbí, àfi òtútù, àti ọ̀rọ̀ kan tó ti dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́.

Imogen, ọmọ ọmọ èmi àti Clive, ló rí fídíò eré tí ẹgbẹ́ olórin Clive ṣe ní gbọ̀ngàn wa lọ́dún 1964. Háà, Thelma! Inú mi dùn títí mo fi sunkún. Wo irun lójú Clive! Wo èmi àti ìwọ níwájú, tí à ń ké bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó! Ojoojúmọ́ la ń wò ó, pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́. Tó bá ti kan ibi tí Clive ti dá gìtá ta, á pariwo pé, "Ẹ dákẹ́, ẹ gbọ́ o! Ibí gan-an ni mo ti mú ìyá àgbà yín!" Òótọ́ ni. Ìwọ náà mọ̀ pé torí gìtá yẹn ni mo ṣe kọ Gerald ọmọ alápatà, tòun ti ẹran ọ̀fẹ́ rẹ̀.

Wọ́n ní ìròyìn ò tó àfojúbà. Àfojúbà yìí ló kó bá mi. Lánàá tí mo dá wò ó, mo rí i pé wáyà tó yẹ kó so gìtá Clive mọ́ ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn rẹ̀ jáde ti yọ, ó nà gbalaja sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo yí ohùn sókè. Ìlù ń dún, àwa ń ké, gìtá Clive ò dún rárá. Bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ àwọn olórin àtijọ́ fẹ́ yẹ́ ẹ sí lórí gìtá yìí gan-an ní Sátidé, ọjọ́ kejì Oṣù Kejìlá, wọ́n á sì fi fídíò náà han gbogbo èrò. Ojú Clive ò ríran dáadáa mọ́, kò rí wáyà kankan. Gbogbo òru ni mo ń rò ó: ṣé kí n sọ ni, àbí kí n panu mọ́, kí wọ́n wá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀?

Mo sọ fún un láàárọ̀ yìí. Ó ní, "Irọ́! Doreen, o ti ń ṣarán!" Mo gbé dígí tó ń sọ nǹkan di ńlá lé e lọ́wọ́. Ó wò ó títí, ó jókòó. Ó ní, "Èmi ta gìtá yẹn o. Ọwọ́ mi nìyẹn. Ariwo yín ni ò jẹ́ kí èmi alára mọ̀ bóyá ó ń dún." Àánú rẹ̀ ṣe mí gidi. Ló bá kọjú sí mi: "Ìwọ tó o torí ẹ̀ fẹ́ mi, kí lo wá gbọ́?"

Mo ronú títí, Thelma. Igbe èmi àti ìwọ nìkan ni mo rántí. Ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta rèé tí mo ti ń sọ pé gìtá yẹn dùn! Kí ni mo gbọ́ nígbà náà?

Clive kí yín o, kò tíì jẹun láti àárọ̀. Ó ní òun ò lọ síbi kankan ní Sátidé yẹn mọ́. Ìwọ tó o wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ṣé o gbọ́ gìtá yẹn? Tó o bá gbọ́ ọ, tètè pè mí, kó o sọ bó ṣe dún. Tí o ò bá sì gbọ́ nǹkan kan, Clive ni kó o pè, kó o sọ fún un pé o gbọ́ ọ.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí orí rẹ̀ dàrú,
Doreen.