Méje Nìkan Ló Kọ̀

Bàbá mi, tíṣà mi àkọ́kọ́,

Ẹ̀rù ló jẹ́ kí n mú bírò lónìí. Mi ò mọ ẹlòmíì tí mo lè bá sọ ọ́, torí wọn ò ní mọ ìdí tí nọ́ńbà lásán fi lè máa já obìnrin tó ti bímọ láyà.

381654729. Ṣé ẹ rántí rẹ̀? Tí ẹ bá ń bẹ iṣu lẹ́yìnkùlé wa n'Ílọ́fà, ẹ ó fi ẹnu ọ̀bẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi. Láti oókan dé ẹẹ́sàn-án, gbogbo wọn ló pé síbẹ̀, kò sí èyí tó wá lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ó wá máa bù ú láti iwájú: 38, méjì pín in dọ́gba. 381, mẹ́ta pín in dọ́gba. 3816, mẹ́rin pín in. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí dé mẹ́sàn-án, láìṣẹ́kù rárá. Ẹ ó máa rẹ́rìn-ín bí ọdẹ tó pa ẹtu, iṣu á ti dúdú lọ́wọ́ yín, Màmá á sì máa kùn.

Nígbà tí arán dé, ibẹ̀ náà ló gbà wọlé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi oókan ṣíwájú, kí ẹẹ́ta tó wá tẹ̀ lé ẹẹ́jọ: 183654729. Ẹ̀tàn ni, Bàbá! Méjì gbà á, mẹ́ta gbà á, àní mẹ́jọ àti mẹ́sàn-án gbà á. Méje nìkan ló kọ̀, ó ṣẹ́ku mẹ́fà. Lọ́jọ́ tí mo rí i, ẹ wo ojú mi, ẹ sì yí ọ̀rọ̀ sórí òjò.

Lánàá, mo kọ nọ́ńbà yín sójú pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Wọ́n ń pín in, inú wọn ń dùn, àfi ìgbà tí a dé orí méje tó ṣẹ́ku mẹ́fà. Mo gbójú sókè. 183. Yéè! Ọwọ́ èmi fúnra mi ló kọ ọ́. Mo nù ún kíá, mo sì tú wọn sílẹ̀ fún eré.

Ọkọ mi gbà pé àárẹ̀ ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀; ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé lọ́jọ́sí, mo dúró ní gáréèjì Ìdọ̀fin, mi ò sì mọ ohun tí mo wá ṣe níbẹ̀. Mo fẹ́ lọ rí dókítà n'Ílọrin báyìí. Ọjà ni mo sọ fún ọkọ mi pé mò ń lọ.

Bàbá, ṣé ẹ mọ̀? Lọ́jọ́ òjò yẹn, ṣé ẹ ti mọ̀ pé iyè yín ń lọ? Ta lẹ sọ fún? Báwo lẹ ṣe ń rí oorun sùn?

Nígbẹ̀yìn ayé yín, àràárọ̀ ni mò ń jókòó síwájú yín, tí mò ń sọ orúkọ mi fún yín, ẹ ó sì kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bí àlejò. Ọmọbìnrin mi ṣì kéré. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ kó jókòó síwájú mi kó máa sọ orúkọ rẹ̀ fún mi.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ṣì rántí ojú yín.