Ọkọ̀ Aláró Tí Mo Pè Ní Ti Ẹlòmíràn

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà oṣù Ọ̀wẹwẹ̀, 2025
Òjò ṣú láti òwúrọ̀, kò rọ̀. Ìkùukùu bo orí àwọn òkè títí di ọ̀sán.

Mo gbé e wọlé lónìí. Alpine berlinette, ọkọ̀ ayárasáré ilẹ̀ Faransé, ti ọdún 1972, aláwọ̀ aró. Láti Àjàṣẹ́ dé Ìdáàṣà, èmi nìkan, fèrèsé kan ṣí, èkejì kò ṣe é ṣí. Ọwọ́ àwọn ọmọ dókítà olóògbé kan ni mo ti rà á. Wọ́n ní bàbá àwọn kò gbé e jáde nígbà òjò rí. Láti ìgbà tí mo wà ní pólítẹ́níìkì ni irú ọkọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi, láti ọjọ́ tí ọ̀kan kọjá lára wa ní etí ọ̀nà tí a ti ń kọ́ bí a ti ń wọn ilẹ̀, tí olùkọ́ wa pàápàá gbàgbé ohun tí ó ń sọ lọ́wọ́.

Ó rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí táyà ọkọ̀ akẹ́rù fi ń ga lójú ènìyàn bí ògiri. Ẹ̀rọ rẹ̀ wà lẹ́yìn ìjókòó. Níwájú, níbi tí gbogbo ayé ti ń wá ẹ̀rọ, táyà àpamọ́ ni ó wà níbẹ̀. Ìjókòó méjì péré. Ara rẹ̀ kì í ṣe irin — bí a bá fi ìka kàn án, ó ń dún bí igbá. Lẹ́yìn Bohicon, níbi tí ọ̀nà ti tẹ́jú, mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín sókè. N kò rántí ìgbà tí mo ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn láìsí ẹnì kankan lọ́dọ̀ mi.

Antoinette, ìyàwó mi, wà ní Soclogbo lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ọ̀la ni yóò dé. Owó tí èmi àti òun jọ fi pamọ́ kí a lè gbẹ́ kànga sínú ọgbà ni mo fi ra ọkọ̀ yìí. Bí mo ti kọ gbólóhùn yẹn tán ni ó ń ṣe mí bíi kí n pa á rẹ́. Kí ó wà bẹ́ẹ̀.

Àìkú, ọjọ́ keje
Oòrùn díẹ̀.

Ó dé lẹ́yìn Máàsì. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lórí, ó ń wo ọkọ̀. "Bàbá Éloi, àlejò wo ni a ní?" Éloi ni ọmọ wa tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Calavi.

Mo ti pèsè àlàyé, mo ti tò ó lẹ́sẹẹsẹ nínú ọkàn mi. Ohun tí ó jáde lẹ́nu mi ni pé Bienvenu ni ó ni ín. Pé ó ń tún ilé rẹ̀ ní Kútọnu kọ́, kò sì rí ibi gbé e sí. Pé ó ní kí n bá òun tọ́jú rẹ̀, kí n sì máa tan ẹ̀rọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí ó má baà dì. Bienvenu — ọmọ kíláàsì mi ní pólítẹ́níìkì, tí ó jó níbi ìgbéyàwó wa títí bàtà rẹ̀ fi já. Orúkọ tirẹ̀ ni ó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu.

"Ó mà fọkàn tán yín o," ni Antoinette wí, ó sì gbé apẹ̀rẹ̀ wọlé.

Ó tán síbẹ̀. Ohun tí ó bà mí lẹ́rù ni bí ó ti rọrùn tó.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá
N kò gbé e jáde. Mo kàn lọ jókòó sínú rẹ̀ nínú ọgbà, mo ń gbóòórùn awọ ìjókòó rẹ̀.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlá
Ooru. Kò sí atẹ́gùn.

Mo ti ń mọ ìwà rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá gbóná tí a sì pa á, kò ní dáhùn mọ́ títí yóò fi sinmi tẹ́rùn. Iwájú ìsọ̀ Ràsáàkì, tí ó ń ta ohun èlò ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, ni ó ti ṣe é fún mi lónìí. Mo jókòó sínú rẹ̀ bí ẹni tí ó ń ronú ohun pàtàkì. Ràsáàkì ní láti lóṣòó kí ojú wa tó ṣe mẹ́rin.

"Ọ̀gá awọnlẹ̀, ìdí yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ̀dà. Ṣé kí n gbé àga fún yín?"

Mo ní ẹ̀rọ ni ó ń sinmi.

"Ọkọ̀ tó ń sun oorun ọ̀sán. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, àbí?"

Gbogbo ìsọ̀ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ àdúgbò ti sọ ọ́ ní Àkèré. Èmi ń pè é ní Aláró, inú ìwé yìí nìkan. Nígbà tí ó jí, tí ó sì bú ramúramù lẹ́yìn mi, inú mi dùn bí ti ẹni tí a dárí jì.

Ràsáàkì béèrè ẹni tí ó ni ín. Mo ní ti Bienvenu ni. Irọ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì rọrùn ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlógún
Antoinette ti fi aṣọ bò ó. Aṣọ rẹ̀ ni, èyí tí ó rà fún ìrìn-àjò mímọ́ Arigbo nínú oṣù Ògún. Ó ní àwọn adìyẹ ń sùn lórí rẹ̀. Kí ó tó bò ó, ó ti lọ pọnmi ní ẹ̀rọ omi aládùúgbò wa, ó rù ú wá, ó fi wẹ eruku kúrò lára rẹ̀. Mo ní kí ó fi í sílẹ̀.

"Bí ó bá jẹ́ tiwa, ǹ bá fi í sílẹ̀ fún òjò," ni ó wí. "Nǹkan ẹni ẹlẹ́ni ni."

Omi tí ó yẹ kí ó ti máa jáde nínú ọgbà wa. Ó bi mí ní ọjọ́sí bóyá àwọn agbẹ́kànga ti dá mi lóhùn. Mo ní àpáta ibí le, wọ́n ń wá ẹ̀rọ tí ó lágbára jù. Àpáta ibí le lóòótọ́. Irọ́ tí ó ní òótọ́ nínú ni ó burú jù.

Àìkú, ọjọ́ kọkànlélógún
Ojú ọ̀run mọ́. Àwọn òkè hàn gbangba, títí kan àwọn igi kéékèèké orí wọn.

Mo ní kí ó jókòó sínú rẹ̀, kí a lọ dé Kèrè kí a sì padà. Ó kọ̀. Mo béèrè ìdí rẹ̀. Ó jókòó lórí àpáta, ó sọ ọ́ fún mi láìkánjú.

Ní ilé bàbá rẹ̀ ní Soclogbo, ẹni tí àbà rẹ̀ bá wó a máa kó èbù iṣu rẹ̀ pamọ́ sínú àbà ẹlòmíràn. Ẹni tí ó pa á mọ́ kì í jẹ nínú rẹ̀, àní bí ẹni tí ó ni ín bá ní kí ó jẹ. Ẹlòmíràn lè lọ tọrọ lọ́wọ́ olóhun. Olùpamọ́ àti ìyàwó rẹ̀ kò lè fọwọ́ kàn án. Ní ọdún tí òjò kọ̀, nígbà tí òun kéré, èbù iṣu aládùúgbò kún àbà wọn, inú igbó ni wọ́n sì ti ń wá ewé jẹ. Bàbá rẹ̀ ń gbá ẹsẹ̀ àbà náà láràárọ̀.

"Kí ẹ tan ẹ̀rọ rẹ̀, ìtọ́jú nìyẹn. Kí èmi jókòó sínú rẹ̀ kí n máa gbádùn afẹ́fẹ́, jíjẹ ni."

Irọ́ mi ni ó ti ìjókòó kejì pa. Mo lọ sí Kèrè nìkan. Ọ̀nà dára. Ọkọ̀ náà sáré dáadáa. N kò gbádùn rẹ̀.

Ajé, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n
Josiane, ẹ̀gbọ́n Antoinette, wá láti Tré pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ Amandine. Èmi ni bàbá ìsàmì Amandine. Ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ ti sún mọ́lé. Ó yí Aláró po, ó gbé ọwọ́ sẹ́yìn kí ó má baà fọwọ́ kàn án.

"Tọ́ntọ́n," ni ó wí, bí àwọn ọmọ ibí ti ń pe ọkọ àǹtí wọn, "láti ilé wa dé ṣọ́ọ̀ṣì nìkan. Kí n dà bí ẹni tó ní ibi kan láti lọ."

"Bí o bá wọ inú rẹ̀, ta ni yóò fà ọ́ jáde?" ni Josiane wí. "Aṣọ rẹ gùn, ọkọ̀ yìí kúrú. Wọn á máa wá ìyàwó, ọmọlanke ni wọn á fi gbé e."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà wọ́n yíjú sí mi. Antoinette ni ó dáhùn: ti Bienvenu ni, òun ni kí a bi, Bàbá Éloi yóò pè é.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ ọgbọ̀n
Mo gun àpáta ẹ̀yìn ilé ìdáná, mo ní ibẹ̀ ni tẹlifóònù ti ń gbọ́ dáadáa. Mo gbé e sí etí. N kò pe ẹnikẹ́ni. Mo kí Bienvenu, mo béèrè àwọn ọmọ rẹ̀, mo dákẹ́ kí ó lè dáhùn, mo ní "mo gbọ́, mo gbọ́." Nísàlẹ̀, Antoinette ń ṣa ẹ̀wà, kò gbójú sókè, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti dúró.

Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo ní Bienvenu kò gbà. Mo ní ó wí pé òkúta pọ̀ lọ́nà Tré.

Èéṣe tí n kò fi ní ó gbà? Bí mo bá ní ó gbà, wọn yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n sì lè wà láàárín àwọn àlejò. Ìdí kan nìyẹn, kì í ṣe òun ni ó wúwo jù. Ikùn Aláró rẹlẹ̀. Mo rí òkúta Tré lọ́kàn mi, mo sì rí ibi tí yóò ti ha á. Mo gbé ikùn ọkọ̀ àti ọmọ tí mo gbé dání níbi ìsàmì rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n kan náà. Ọkọ̀ ni ó tẹ̀wọ̀n.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlá oṣù Ọ̀wàrà
Òjò láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Kò dá.

Tákísí tí wọ́n fi gbé ìyàwó rì sínú ẹrẹ̀ nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì ti wà lọ́ọ̀ọ́kán. Amandine bọ́ sílẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn. Antoinette ń gbé etí aṣọ lẹ́yìn rẹ̀. Síbẹ̀ ẹrẹ̀ pupa dé orúnkún.

"Tántí, ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Tré fẹ́ bá mi lọ sílé ọkọ ni."

Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún un. Ó ṣeé ṣe kí Aláró náà rì. Mo ti rò ó lọ́pọ̀ ìgbà láti àárọ̀, kò tù mí nínú. Ó wà nílé, ó gbẹ, aṣọ ìyàwó mi bò ó.

Níbi oúnjẹ, Josiane kò jókòó ti àbúrò rẹ̀. Mo rò pé iṣẹ́ ni ó pọ̀ fún un.

Àìkú, ọjọ́ kejìlá
N kò gba Ara Olúwa. Antoinette rò pé inú ń run mí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún
Òjò ti ń lọ sílé. Ìrì pọ̀ láàárọ̀.

"Ẹ jẹ́ kí a dá ọkọ̀ yìí padà," ni Antoinette wí, bí ó ti ń gbé àwo sílẹ̀. Kò bínú. Ó ní ẹni tí ó lè kọ̀ fún ìyàwó tuntun, ẹrù rẹ̀ ń wúwo nínú ilé òun. Ó ti mú ọjọ́: Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ó ti ń ṣa iṣu. Ní ilé bàbá rẹ̀, a kì í dá ohun ìpamọ́ padà lọ́wọ́ òfo, olùpamọ́ kì í sì í dá a padà lóun nìkan. Tọkọtaya ni í gbé e lọ. Nítorí náà òun yóò jókòó sínú rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, dé Kútọnu.

Mo ní ó dára.

Ajé, ọjọ́ ogún
Mo pe Bienvenu. Lọ́tẹ̀ yìí, mo pè é ní tòótọ́, láti orí ilẹ̀ kan tí mo ń wọn lójú ọ̀nà Soclogbo. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí tí ó fi ń wúkọ́.

"Nicolas! Mo di ọlọ́kọ̀, ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi. Mo tún wá di ahun lé e."

Lẹ́yìn náà ó rò ó fún mi bí onímọ̀ ẹ̀rọ. Kí a gbé e wá. Òun yóò gbà á, yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ Antoinette, yóò jẹ iṣu rẹ̀. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀, a ó ní òun ti tà á fún mi. Ó parí.

Mo yẹ̀ ẹ́ wò bí mo ti ń yẹ àwòrán ilẹ̀ wò. Kò sí àlàfo nínú rẹ̀. Mo mí kanlẹ̀. Mo wọn ilẹ̀ yòókù láìṣe àṣìṣe kan.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlélógún
Ọyẹ́ kò tíì dé, ṣùgbọ́n ètè ti ń gbẹ.

Mo pàdé Josiane ní ọjà. Ó kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín. Mo ní ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí a ti rí i nílé wa.

"Àna mi, ẹ̀yin kò ṣẹ̀ mí. Ìyàwó yín ni. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé òun ni kò jẹ́ kí ẹ gbé ọmọ mi. Pé ojú ń ti ẹ̀yin láti sọ ọ́. Ọmọ tí òun náà pọ̀n! Ẹ má bá mi bẹ̀ ẹ́, ẹ má sì bá a bẹ̀ mí."

Mo darí sílé. Mo bi Antoinette léèrè. Ó ń bó iṣu, kò dúró. Ó ní ẹni tí ó gba ohun pa mọ́ ni í gba èébú rẹ̀. Òun kò lè jẹ́ kí wọ́n máa bú Bienvenu tí kò sí níbẹ̀. Òun kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ọ̀rẹ́ tí ọkọ òun ní kò dára. "Josiane yóò gbàgbé. Bí kò bá gbàgbé, èjìká mi gbà á."

Òun àti Josiane ti ń jẹ nínú àwo kan láti ìgbà èwe wọn. N kò lè wo ojú rẹ̀. Mo jáde lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Aláró. Mo ká aṣọ náà kúrò lára rẹ̀, mo ká a dáadáa, mo gbé e wọlé.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlélógún
Ojú ọ̀run funfun. Atẹ́gùn tútù láti apá òkè.

Ìmọ̀ràn Bienvenu pé, àfi pé kò sí Josiane nínú rẹ̀. Bí a bá ṣe é, èmi yóò ní ọkọ̀, Bienvenu yóò ní iṣu jẹ, Antoinette ni yóò pàdánù ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò sì ní mọ ohun tí ó tìtorí rẹ̀ pàdánù rẹ̀ láéláé.

Mo ti pinnu. Lọ́la, bí a bá jókòó sínú ọkọ̀, n kò ní gba ọ̀nà Kútọnu. Tré ni mo ń lọ. Kí òkúta ha ibi tí yóò ha. Èmi yóò mú tẹ̀gbọ́n tàbúrò náà jókòó sínú yàrá kan, màá sì sọ ọ́ ní ìdúró: èmi ni mo ni ọkọ̀, owó kànga ni mo fi rà á, kò sí ẹni tí ó kọ̀ fún Amandine bí kò ṣe èmi. Ohun tí wọ́n bá ní kí n ṣe sí ọkọ̀ náà lẹ́yìn ìyẹn ni n ó ṣe. Ohun tí wọn yóò ṣe sí mi ni n kò mọ̀.

N kò tíì sọ fún Bienvenu pé kí ó má retí wa. N kò tíì sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni.

Bí mo ti ń kọ èyí ni Antoinette yọjú, ó béèrè aṣọ tí òun yóò wọ̀ lọ́la. Mo ní kí ó wọ èyí tí ó máa ń wọ̀ lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀.