Máàkì Tí Mo Fún Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Mi

Àkọ́bí mi, adé orí mi,

Ṣé o jí dáadáa, ṣé o sùn dáadáa, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ọ̀gá yín tó máa ń yọ ọ́ lẹ́nu, ṣé ó ti rẹ̀ ẹ́ báyìí? Gbogbo ilé ní kí n kí ọ. Bàbá rẹ kí ọ, àbúrò rẹ tó ń bá mi kọ lẹ́tà yìí kí ọ, ẹ̀rọ ìránṣọ mi pàápàá, ká ní ó lẹ́nu, ì bá kí ọ, nítorí ìwọ lo ní kí wọ́n tún un ṣe. Bí o ṣe ń gun àtẹ̀gùn ilé iṣẹ́ yín lójoojúmọ́, ẹsẹ̀ rẹ kò ní yẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fa àga kúrò lábẹ́ rẹ, àga á gbé òun fúnra rẹ̀ ṣubú. Oúnjẹ tí o bá jẹ kò ní há ọ lọ́fun, eyín ẹnu rẹ kò ní mì. Àmín.

(Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò tíì kí yín o. Màmá ló sọ bẹ́ẹ̀. Inú mi ò dùn báyìí, mo máa kí yín tó bá yá. Gbogbo ohun tí ẹ bá rí nínú àmì tó dà bí oṣù méjì tó kọjú síra wọn yìí, èmi ni mo ni ín. Ojú Màmá ò ka ìwé mọ́, wọn ò mọ̀ pé mo ń fi tèmi kún un. Wọ́n ń gbọ́ tí bírò ń dún, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ tiwọn ló gùn tó bẹ́ẹ̀.)

Nípa eyín tó o sanwó rẹ̀ kí wọ́n bá mi yọ, a dúpẹ́. Dókítà yẹn ṣiṣẹ́, ó yọ ọ́ tán, ó sì fi hàn mí nínú àwo. Ó ní eyín ìkẹyìn ni, èyí tó máa ń hù nígbà tí èèyàn bá ti dàgbà tán, àti pé dípò kó dúró bí ẹgbẹ́ ẹ̀, ńṣe ló dùbúlẹ̀ sínú egungun. Mo ní kò burú, ta ni kì í rẹ̀. Kí wọ́n tó yọ ọ́, wọ́n ní àwọn fẹ́ ya fọ́tò mi. Mo yára tún gèlè mi wé, mo fi pọ́ńdà díẹ̀ sójú, àfi bí fọ́tò ṣe jáde tó jẹ́ egungun nìkan. Mo ní kí wọ́n tún un yà, wọ́n ní ó dára bẹ́ẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tó sì jẹ́ pé owó rẹ ló yà á, mo gbé e kọ́ sí pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò tó o yà nígbà tó o gba ìwé-ẹ̀rí. Bàbá rẹ ní ó jọ mí.

(Àwọn oníbàárà tó bá wá gba aṣọ wọn ò jókòó sí apá ibẹ̀ mọ́.)

Wọ́n tún gbé ìwé kan jáde, nọ́ọ̀sì ń bi mí, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní ta ni kí àwọn pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Mo ní nǹkan ò ní ṣẹlẹ̀. Ó tún bi mí, mo ní Ọlọ́run ò ní gbà fún nǹkan. Ó ní kí n ṣáà dárúkọ ẹnì kan. Mo wá rò ó pé bí mo bá dárúkọ rẹ síbẹ̀, a jẹ́ pé èmi ìyá rẹ ni mo fi ẹnu ara mi so ọ́ mọ́ nǹkan tí kò tíì ṣẹlẹ̀. Ni mo bá ní kó kọ ọ́ pé kò sẹ́ni tí nǹkan máa ṣẹlẹ̀ sí. Ó wò mí títí, ó kọ ọ́.

(Ẹ ti wá rí ìdí tí ẹnikẹ́ni ò fi pè yín.)

Ó kàn jẹ́ pé láti ìgbà náà, párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi lápá ọ̀tún ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ kí n la ẹnu. Kì í ṣe pé ó ń dùn mí o. Ó kàn máa ń fẹ́ kí n mọ̀ pé òun wà níbẹ̀ ni. Bí mo bá ń yán, ó máa ń dún kẹ́, Bàbá rẹ á ní ta ló ń kan ilẹ̀kùn. Dókítà ní kí n fún un nísinmi, mo sì ń gbọ́ràn, ìborùn ni mo fi dì í láti àgbọ̀n dé àtàrí, mi ò tú u láti ìgbà náà àfi tí mo bá fẹ́ wẹ̀. Ìsinmi tí mo fún ẹ̀rẹ̀kẹ́ yìí, ká ní mo fún ẹsẹ̀ mi, ì bá ti máa fò.

(Ìsinmi ọjọ́ díẹ̀ ni dókítà sọ, èmi ni mo bá wọn lọ, mo gbọ́. Ó sì ń dùn wọ́n. Búrẹ́dì tí a rẹ sínú tíì ni oúnjẹ wọn, ṣíbí kékeré ni mo fi ń fún wọn, òun náà ò rọrùn. Ẹ mọ̀ pé eyín ni Màmá fi ń já òwú, ètè ni wọ́n fi ń di abẹ́rẹ́ mú tí wọ́n bá ń wọn aṣọ mọ́ èèyàn lára. Gbogbo ìyẹn ti parí. Èmi ni ẹnu wọn ní ṣọ́ọ̀bù báyìí. Ohun tó bá pọn dandan nìkan, bíi lẹ́tà yìí àti fóònù, ni wọ́n ń fi eyín dídì sọ; tí oníbàárà bá dé, wọ́n á fi ojú sọ̀rọ̀, èmi á sọ ọ́ jáde. Bí wọ́n bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó túmọ̀ sí pé kí n ní kí ẹni náà padà wá lọ́la. Bí wọ́n bá wo òkè àjà, ẹni náà ló sanra, kì í ṣe aṣọ ló súnkì. Mo sọ èyí fún ìyàwó tíṣà bí wọ́n ṣe wò ó gẹ́lẹ́, ó kó aṣọ ẹ̀ lọ, Màmá sì tún bínú sí mi, wọ́n ní ẹnu tó bá mọ iṣẹ́ ẹ̀ mọ ohun tó yẹ kó gbé mì. Ilé ẹ̀kọ́ ti wọlé. Gbogbo ẹgbẹ́ mi ti padà. Èmi rèé, mo di ẹnu ẹlẹ́nu.)

Bàbá rẹ wà dáadáa, ó sanra sí i. Ó ní ilé tutù.

(Irọ́ ni Bàbá ń pa. Ní ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́, wọ́n ń súfèé bí wọ́n ṣe ń fá pákó nídìí iṣẹ́ káfíńtà wọn. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n wọ bàtà ẹlẹ́rẹ̀ gun ẹní pálọ̀, wọ́n dúró síbẹ̀, wọ́n ń retí kí Màmá sọ̀rọ̀. Màmá kàn wo bàtà náà. Bàbá dúró títí. Ìgbà tó yá, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n mú ìgbálẹ̀, wọ́n gbá a fúnra wọn. Mi ò rí irú ẹ̀ rí. Kò pa mí lẹ́rìn-ín.)

Ọ̀rọ̀ kan ló wà tí mo fẹ́ kó o bá mi dá. Ọmọbìnrin nọ́ọ̀sì yẹn máa ń pè mí lórí fóònù, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tó kọ́kọ́ pè, ó ní báwo ni ara, mo ní a dúpẹ́. Ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ńkọ́, mo ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ wà, ó ń kí i. Ṣé ẹni tí mi ò mọ ìyá ẹ̀ ni mo fẹ́ máa ka àìsàn fún? Mo bi í nípa ọkọ, ó ní òun ò tíì ní, mo gbàdúrà fún un títí owó orí fóònù ẹ̀ fi tán. Nígbà tó tún pè, ó ní kí n fún un ní máàkì, láti òdo títí dé mẹ́wàá. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ dókítà ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò, ilé iṣẹ́ gidi ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rò ó dáadáa, nítorí máàkì kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣe ojúsàájú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹran, kí ni mo fẹ́ fún un? Mo ní mẹ́ta. Ó ní ó dára gan-an, òun bá mi yọ̀. Mo bi í bóyá ó gbọ́ mi. Ó ní òun gbọ́ dáadáa. Nígbà tó tún pè, nǹkan inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà ti gun etí mi lọ, mo bá gé máàkì kù sí oókan. Ó tún ní mo kú oríire. Mo wá rí i pé àwọn èèyàn yìí ò nítìjú. Nígbà tó pè kẹ́yìn, mi ò sùn mọ́jú, mo fi ìbínú fún wọn ní òdo. Ọmọ náà kígbe ayọ̀ sí mi létí, ó ní òun máa sọ fún dókítà, wọ́n ti pa fáìlì mi dé, mi ò ní láti padà wá mọ́. Ohun tó yé mi ni pé ojú tì wọ́n, wọ́n sá. Bá mi dá a, ṣé mo le jù?

(Ẹ̀gbọ́n mi, mo wà níbẹ̀ nígbà ìpè ìkẹyìn yẹn, mo gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì ń sọ. Ìrora ni wọ́n ń bi Màmá, bó ṣe pọ̀ tó. Òdo ni pé kò dùn wọ́n rárá. Mo sọ fún wọn. Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n fẹnu dídì sọ pé nínú ilé yìí, kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tí òdo jẹ́, ṣebí èmi ni mo máa ń gbé e wálé látinú ìṣirò, ọjọ́ wo ni mo rí i tẹ́nikẹ́ni bá mi yọ̀? Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo sunkún, nítorí òótọ́ ni, ìyẹn ló ń dun èèyàn.

Mo fẹ́ pe ilé ìwòsàn fúnra mi, Màmá gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀ tí sísọ́ọ̀sì wà. Oníkẹ́míìsì òdìkejì títì wo ẹnu wọn. Ó ní wọn ò gbọ́dọ̀ dì í mọ́, ẹnu tí a kò bá là, gígan ló máa ń gan, bó bá sì pẹ́ sí i bẹ́ẹ̀, ó lè gan pátápátá, kó di pé wọ́n á fi tipátipá là á. Ó ní kí wọ́n tètè padà sọ́dọ̀ dókítà, òun ló máa wo ohun tó ń fa ìrora, òun ló sì máa kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe máa là á díẹ̀díẹ̀. Màmá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Bí a ṣe dé ilé, wọ́n tún so ìborùn. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò fi sọ fún yín. Wọ́n ní ẹni tó bá ra aṣọ fúnni, a kì í sọ lójú ẹ̀ pé aṣọ náà ń fúnni lábíyá. Ẹ̀gbọ́n mi, torí yín ni wọ́n ṣe ń fi ẹ̀jẹ̀ sínú tutọ́ funfun.)

Ọmọ mi, ohun tí mo tún fẹ́ bẹ̀ ọ́ ni owó díẹ̀, kì í ṣe nítorí eyín o, eyín ti lọ, àyọnù ẹ̀rọ ló bàjẹ́, ó ń jó aṣọ aláṣọ. Má fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ ẹ̀rọ inú ògiri tó wà ní báńkì. Ọjọ́ tí mo lọ síbẹ̀, mo kí i, kò dáhùn, ó kàn ń kọ nǹkan sójú bí ẹni ń ṣe fáàrí. Fún ẹni tó máa fi ọwọ́ kó o lé mi lọ́wọ́.

(Kò sí ohun tó ṣe àyọnù, oògùn ìrora ni wọ́n fẹ́ fi owó náà rà. Mo kọ ìyẹn tán, mo ń retí èyí tó kàn. Mo rò pé wọ́n ń ronú àdúrà. Nígbà tí mo gbójú sókè, wọ́n ti fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, omi ti lé sójú wọn. Wọ́n ní, "Má kọ èyí o. Ó ń dùn mí." Mo ní, "Màmá, báwo ló ṣe pọ̀ tó?" Wọ́n ní, "Kì í jẹ́ kí n rántí ohun mìíràn.")

Ọlọ́run tó fún mi ní ìwọ kò ní gbà ọ́ lọ́wọ́ mi. Ibi tó o bá wọ̀, wọ́n á dìde fún ọ. Ọ̀nà tó o bá tọ̀, yóò gbà ọ́. O ò ní fi ọwọ́ rẹ bu erùpẹ̀ lé mi kí n tó jẹun ọmọ rẹ. Máa jẹun dáadáa, má máa fi gbogbo ojú wo fóònù, kó má baà gbà á lò.

Èmi ni ìyá rẹ tí ara rẹ̀ le.

(Wọ́n ní kí n ka lẹ́tà náà sí àwọn létí kí n tó lẹ̀ ẹ́ pa. Mo ń kà á, mo ń fo tèmi. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ní kí n má kọ ọ́, ahọ́n mi kọ́, mo dúró. Wọ́n bi mí pé kí ni mo kọ síbẹ̀ yẹn. Mo ní mo kọ ọ́ pé a dúpẹ́. Wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀, kí n pa á dé. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ wá mú wọn padà sọ́dọ̀ dókítà.)