Nítorí "Bẹ́ẹ̀ Ni" Tí Mo Fà Sínú

Loretta ọmọ mi,

Má bínú pé mo gbé bíírò. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní tí irun rẹ̀ ti funfun bíi tèmi tó ẹni tí í kọ lẹ́tà sí ẹni tó ti kàwé gboyè. Ṣé ara le? Òtútù Toronto kò ní rí ọ gbé ṣe. Bàbá yín wà dáadáa, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ọkọ̀ ìpẹja wọn lọ́dà, ajá sì ti bímọ sínú àwọ̀n tuntun.

Ọ̀rọ̀ kan ń hó nínú mi bí omi tíì. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mo ti ń kọ́ ìtọ́jú arúgbó, ìdánwò wa ni pé kí n bá màmá àgbà kan sọ̀rọ̀, kí Whitlock olùkọ́ wa, ará ìlú ńlá, máa wò mí. Màmá ń sọ bí ọkọ wọn ṣe bómi lọ. Èmi sì ń dá wọn lóhùn bí gbogbo wa ti ń ṣe ní èbúté wa níbí, mo ń mí "bẹ́ẹ̀ ni" sínú, ìyẹn ni pé èémí tí mò ń fà wọlé ni mo fi ń sọ ọ́, kí wọ́n mọ̀ pé mo ń gbọ́, kí n má sì já lu ọ̀rọ̀ wọn. Whitlock ní mò ń mí hẹ̀ẹ̀ bí ẹni tó rí iwin, pé mò ń dẹ́rù ba aláìsàn! Màmá fúnra wọn ń mí tiwọn sínú padà fún mi, ṣé ẹ̀rù ń ba àwọn náà ni? Ó tún ní ohùn mi le bíi ti oníjà, pé tí mi ò bá fi ohùn jẹ́jẹ́ tún un ṣe lọ́jọ́ Ẹtì, kí n máa lọ sílé. Ọmọ tí kò jù ọ́ lọ!

Mo wá ní bóyá èmi ni mi ò mọ nǹkan kan. Mo pe ọmọbìnrin inú fóònù báńkì, torí ohùn rẹ̀ dùn bí oyin, kí n lè kọ́ tiẹ̀. Mo kí i, mo pè é ní olólùfẹ́ mi bí a ti ń pe ẹni gbogbo níbí, mo béèrè ìyá rẹ̀. Kò dáhùn! Ó ní ṣé mo fẹ́ bá ènìyàn sọ̀rọ̀, bí ẹni pé òun kì í ṣe ènìyàn. Mo mí "bẹ́ẹ̀ ni" sínú. Ó ní òun ò gbọ́. Mo tún mí i. Ó pa fóònù mọ́ mi létí. Olóhùn oyin tí kò ní ẹ̀kọ́ ilé!

Síbẹ̀ mo fi ohùn yẹn sọ fún bàbá yín pé ẹja ti jinná. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n rọra jókòó, wọ́n ní, Philomena, ta ni òkun gbé? Ìwọ náà mọ̀ pé ìròyìn ikú nìkan la fi ń rẹ ohùn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ níbí. Wọn ò lè jẹ ẹja náà mọ́. Ṣé ohùn tí Whitlock fẹ́ kí n fi máa jí àwọn arúgbó láràárọ̀ nìyẹn?

Lọ́jọ́ Ẹtì, màá mí "bẹ́ẹ̀ ni" mi sínú. Bí ó bá lé mi, kó lé mi. Jọ̀wọ́, fi owó ọkọ̀ tí màá fi lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́jọ́ náà ránṣẹ́, kí n má baà tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá yín. Ọlọ́run á jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ máa wọ ẹni gbogbo létí.

Fi lẹ́tà yìí pamọ́, má jẹ́ kí bàbá yín mọ̀ pé mo fìdí rẹmi. Wọ́n ti sọ fún gbogbo èbúté pé èmi ni mo gba ipò kìíní, ohùn tí wọ́n sì fi sọ ọ́ le débi pé àwọn ará òdìkejì omi gbọ́.

Ìyá rẹ,
Philomena