Alápáméjì àti Bàbá Ìnjínnì

Mọ́ńdè, 2 Júùnù

Fọláwẹ̀mí gbé ọ̀rọ̀ dé. Bàbá ẹ̀ ń ṣọjọ́ ìbí ní Ifo lọ́jọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ohun tí Bàbá wí nípa mi rèé: "Tó bá tún gbé ohun tó rà ní ṣọ́ọ̀bù wá, kó má wulẹ̀ wọlé. Ó fi ilé ìwé sílẹ̀, ó fi iṣẹ́ wẹ́dà sílẹ̀, ó fi fóònù títúnṣe sílẹ̀. Kó gbé ohun kan tó fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe parí wá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó fi ọmọ mi náà sílẹ̀."

Wọn ò mọ̀ pé mo ní wáìnì. Ọ̀pẹ-òyìnbó gidi, kẹ́ẹ̀gì méjì, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ló wà láti oṣù kẹta. Kò hó mọ́. Ó mọ́ kedere. Gbogbo Mowe, ta ló tún lè ṣe é? Kò sí.

Àmọ́ mi ò lè rọ ọ́ sínú ike omi gbé fún bàbá ìyàwó mi. Kọ́ọ̀kì tí wọ́n fi èèpo igi ṣe ló máa wà lẹ́nu ẹ̀. Bíi ti òyìnbó.

Wẹ́sìdè, 4 Júùnù

Èkó. Mo rí ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ tó ń ti kọ́ọ̀kì bọ ẹnu ìgò. Oríṣi mẹ́ta. Kékeré kan, òòlù lèèyàn á máa fi gbá a lórí. Ńlá kan, ó ń dá dúró nílẹ̀ bí ẹ̀rọ ata — ìyẹn fún ilé iṣẹ́. Ìkẹta lápá méjì: èèyàn á tẹ apá méjèèjì wálẹ̀, kọ́ọ̀kì á wọlé. Ìyá tó ń tà á ní, "Ọmọ mi, mú olóòlù jàre, ìgò mélòó lo ní?" Èmi? Kí n máa gbá kọ́ọ̀kì bí ẹni ń kan ìṣó? Mo mú alápá méjì, pẹ̀lú kọ́ọ̀kì mélòó kan. Alápáméjì lorúkọ ẹ̀ látòní.

Nínú mọ́tò, mò ń yọ ọ́ wò, mò ń dá a padà. Ọkùnrin kan ní ṣé irin tí wọ́n fi ń yọ eyín ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni dókítà.

Fúráìdè, 6 Júùnù

Iléyá. Mọ́nsúrù, télọ̀ tá a jọ ń gbé yàrá, gbé ẹran wọlé. Mo jẹ ẹ́. Kò síṣẹ́.

Sátidé, 7 Júùnù

Àwọn tó ń gbálẹ̀ ní họ́ọ̀lù kan n'Ibafo kó ìgò fún mi. Púpọ̀ nínú ẹ̀ jẹ́ onídèérí tí wọ́n ń yí. Mo ní kò sí ìyàtọ̀. Ìyàtọ̀ wà! Ọrùn wọn ò ní etí tí Alápáméjì máa dì mú, ó ń yọ̀ bọ́. Ọ̀kan fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀.

Mọ́nsúrù ń rẹ́rìn-ín: "Dókítà Ọtí! Ó kù díẹ̀ kó o sá, àbí? A mọ̀ ẹ́."

Mo ṣa àwọn tó létí sọ́tọ̀. Mẹ́fà péré.

Mọ́ńdè, 9 Júùnù

Kọ́ọ̀kì gbígbẹ. Ó dúró ní ìdajì, orí ẹ̀ yọ síta bí ẹni ń yọjú lójú fèrèsé. Mo fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Rárá. Mo bú u. Mo jókòó. Mo dìde. Mo rìn dé jọ́ńṣọ̀n, mo padà.

Mo wá rẹ wọ́n sómi gbígbóná. Wọ́n rọ̀. Mọ́nsúrù bá mi di ìdí ìgò mú — ó ní kí Ọlọ́run jẹ́rìí, ìgò lòun dì mú, òun ò fọwọ́ kan ọtí. Mo tẹ apá méjèèjì wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, láìdúró. Ó wọlé! Ó bá ẹnu ìgò dọ́gba bíi pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Mo jó. Mo pe Fọláwẹ̀mí, mo ní kí bàbá ẹ̀ lọ fọ ife sílẹ̀.

Túsìdè, 10 Júùnù

Mi ò ráyè sùn. Mò ń dìde wò wọ́n. Kò sí kọ́ọ̀kì tó yọrí.

Fúráìdè, 13 Júùnù

Mọ́nsúrù ní kí n tọ́ ọ wò kí n tó gbé e lọ. Kí n já èyí tí mo fi ẹ̀jẹ̀ dí? Láéláé.

Sátidé, 14 Júùnù

Ifo. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá Ìnjínnì — bàbá Fọláwẹ̀mí, mọ́tò ìjọba ni wọ́n ń tún ṣe kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì — gba ìgò, wọ́n yí i po, wọ́n fi èékánná kan kọ́ọ̀kì. Wọ́n ní: "Ó dáa. Ṣí i. Ẹni tó bá gbé ọtí wá ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò nílé yìí."

Ṣí i.

Kí ni màá fi ṣí i? Láti ọjọ́ yìí, bó ṣe máa wọlé ni mò ń rò, mi ò ro bó ṣe máa jáde! Wọ́n wá irin tí wọ́n fi ń yọ ọ́ káàkiri àdúgbò. Kò sẹ́ni tó ní. Ọ̀bẹ ò ràn án. Àwọn ẹ̀gbọ́n Fọláwẹ̀mí ń rẹ́rìn-ín, òun ń wo ilẹ̀. Mo wo géètì. Irọ́ kọ́, mo fẹ́ sá.

Mi ò sá. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ ní súkúrúù gígùn àti púláyà?"

Wọ́n wò mí. Wọ́n wọlé, wọ́n gbé àpótí irin wọn jáde fúnra wọn. Mo yí súkúrúù wọnú kọ́ọ̀kì, wọ́n fi orúnkún há ìgò, mo ń fà. Ti àkọ́kọ́ rún. "Rọra, ìwọ aláìnísùúrù yìí!" Ìkejì — pọ̀ọ́! Gbogbo ilé hó yè.

Mo tọ́ ọ wò. Mo ní ó dùn. Bàbá mu tiwọn: "Ó kan. Irọ́ lo pa." Wọ́n tún na ife sí mi.

Ìgbà tí ariwo rọlẹ̀, wọ́n ní, "Àwọn òbí ẹ, ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀?"

Fọláwẹ̀mí sá wọ kíṣìnì. Ẹnu mi yìí ló ní, "Sátidé tó ń bọ̀, sà."

Màámi wà l'Ọ́yọ̀ọ́. Mi ò tíì sọ fún wọn pé Fọláwẹ̀mí wà láyé.